Pákó Tíìkì Mẹ́rin àti Orin Gòjé

Kò sí ẹni tó mọ̀ mí ní Bè, ní ìlú Lomé, tí kò mọ̀ pé mi kì í gba àtúnṣe. Ogún ọdún ni mo fi ya pátákó ìsọ̀ fún àwọn onídìrí àti àwọn télọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán tí àwọn ènìyàn ń gbé kọ́ sínú ilé, gbogbo ogún ọdún náà ni mo sì fi bá oníbàárà jà. Télọ̀ kan ní ojú ọkùnrin tí mo yà sára pátákó òun wọ́ díẹ̀. Mo ní kó lọ wo dígí, nítorí ojú òun fúnra rẹ̀ ni mo wò tí mo fi yà á. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n pátákó náà ṣì wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ títí dòní. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí.

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lórin ní Kodjoviakopé ló wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ Lomé ni, Mina ni èdè ilé wọn, ṣùgbọ́n ó ti lọ kọ́ gòjé òyìnbó lókè òkun kó tó padà wálé. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn fẹ́ ta orin kan níwájú èrò, orin àtijọ́ láti ilẹ̀ òyìnbó tó ní apá mẹ́rin. Gòjé mẹ́rin nìkan ló wà nínú rẹ̀: kékeré méjì, ọ̀kan tó fi díẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ, àti ńlá kan tí wọ́n ń fi sáàárín orúnkún. Ó fẹ́ àwòrán tí yóò dúró lẹ́yìn àwọn bí àwọn bá ń ta á.

“Madame,” ó fi èdè Faransé sọ fún mi, “mi ò fẹ́ kí ẹ ya gòjé fún mi o. Orin náà gan-an ni kí ẹ yà.”

Mo ní, “D'accord, mo gbà.” Ó dúpẹ́, ó gun zémi, ọ̀kadà tó gbé e wá, ó lọ. Ìgbà tó lọ tán ni ẹ̀rù tó bà mí. Ta ló ń ya orin?

Ó ti fi orin náà sórí fóònù mi. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rárá. Mo máa ń tètè jí, kí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo tirẹ̀, màá jókòó, màá máa ṣa ìrẹsì lórí àtẹ, orin á máa lọ. Mi ò ní purọ́, lákọ̀ọ́kọ́ kò yé mi. Ó dà bíi pé àwọn mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Ní ọjọ́ kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Gòjé kékeré kan á sọ tirẹ̀, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, gòjé ńlá á sì máa hùn nísàlẹ̀ bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ́ kí ìrẹsì jóná.

Ìgbà náà ni mo mú ṣọ́ọ̀kì. Ògiri yàrá ni mo fi ṣe ìwé. Mo pinnu pé bí ohùn bá ròkè, ìlà mi á ròkè. Bí ohùn bá wálẹ̀, ìlà á wálẹ̀. Bí wọ́n bá ta á kíkankíkan, ìlà á nípọn, bí wọ́n bá sì rọra ta á, á tín-ín-rín bí òwú. Ibi tí orin bá gba èémí mẹ́wàá, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni mo fún un. Lẹ́yìn náà mo pín àwọ̀: gòjé kékeré àkọ́kọ́ gba àwọ̀ ìyeyè, èkejì gba àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta gba àwọ̀ ilẹ̀ pupa, ńlá gba àwọ̀ aró. Aró yìí ni mo fẹ́ràn jù. Pákó mẹ́rin ni mo fẹ́ kùn, ọ̀kan fún apá orin kọ̀ọ̀kan, mo sì ní aró kò gbọdọ̀ já láti ìbẹ̀rẹ̀ pákó kìíní títí dé òpin pákó kẹrin. Ibi tó bá parí sí létí pákó kan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ létí pákó tó tẹ̀lé e, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbé ìka lé e, kò ní gbé e kúrò títí orin yóò fi tán.

Ohun tó fún mi ní wàhálà ni ìdákẹ́jẹ́. Orin náà máa ń dákẹ́ lójijì, pàápàá ní apá kejì tó ń falẹ̀, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ya ìyẹn? Mo gbìyànjú funfun, ó dà bíi pé ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ mi. Mo gbìyànjú dúdú, ó wá dà bí ilé òkú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ń fi ìbínú nu ògiri, tí mo jókòó lórí àpótí tíìkì kan tí bàbá mi kàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fọwọ́ pa á lára, mo sì rí ìdáhùn. Ibi tí orin bá ti dákẹ́, yàtọ̀ sí aró tí yóò tín-ín-rín bí irun, mi ò ní kun nǹkan kan síbẹ̀. Igi ni yóò máa hàn. Kò sì sí igi tí mo fẹ́ kó hàn níbẹ̀ ju èyí tí bàbá mi bá fá lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí bàbá mi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń ṣe káfíńtà ní Lomé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tirẹ̀ ti wá tajà níbí, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ọjà títà. Igi ló fẹ́. Ilẹ̀kùn ìsọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn ilẹ̀kùn alápá púpọ̀ tí oníṣòwò ń ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní àárọ̀, tó sì ń tẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún tó kọjá, ohun funfun kan bo ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú là. Dókítà ní ó ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n ibùsùn àkọ́kọ́ tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ń mì, oníbùsùn sì gbé e padà wá níṣojú gbogbo àdúgbò. Ẹsẹ̀ kan ló fi díẹ̀ kúrú, kò ju ìnípọn èékánná lọ. Bàbá mi kò jiyàn. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í pa, ó gbé àga síwájú ilé, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ó ń wo àwọn zémi tó ń kọjá. Bí a bá ní kó kan nǹkan kékeré kan fún wa, á ní ojú òun ti lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin tó kọ́lé sí Sanguéra lẹ́yìn ìlú ní kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí a sì ta irin iṣẹ́ náà kí wọ́n má baà dípẹtà. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti burú. Ṣùgbọ́n èmi àti Bàbá la jọ ń gbé agboolé kan náà, mo mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbé e lọ jókòó síbi tí kò ti ní gbọ́ ìró ayùn mọ́ láéláé, ńṣe la kàn fẹ́ kó máa dúró de ikú. Mo bẹ àbúrò mi kó fún mi ní oṣù méjì.

Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá níwájú ilé. Mo ní, “Bàbá, mo ní iṣẹ́ kan fún yín.”

“Mi ò ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Pákó mẹ́rin péré ni, ti tíìkì. Kí wọ́n lè dá dúró, kí a sì lè ká wọn bí ilẹ̀kùn ìsọ̀. Orin ni mo fẹ́ yà sí wọn lára.”

“Orin?” Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. “Orin wo?”

Mo gbé fóònù sí i létí. Ó fetí sí i díẹ̀, ó fa ojú ro. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn.”

“Wá ẹlòmíràn. Menuisier pọ̀ ní Bè.”

“Mo ti wá wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ilẹ̀kùn kíká, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ̀ ọ́n.” Irọ́ ni. Mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni. Ó tún ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ, mo sì bínú wọlé. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lórí ẹní nígbà tí mo gbọ́ tí Bàbá ń ṣí àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀, mo bo orí mi, mo sunkún díẹ̀.

Ó ṣe é pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Á wọn igi kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kó tó gé e. Á fá a, á pa ojú dé, á fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bóyá ó jọ̀lọ̀. Bí ó bá ti parí pákó kan, á ti gbẹ́ ibi tí ìdè irin tí yóò so wọ́n mọ́ra máa jókòó sí sára etí rẹ̀, á fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, á sì gbé e wá fún mi. Ìkan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Yàrá mi kò gba ju pákó méjì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà mo ń tẹ̀lé nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn ni. Bí mo bá parí ìkan, màá gbé e sí ọwọ́ òsì, màá gbé èyí tó tẹ̀lé e sí ọwọ́ ọ̀tún, kí n lè mọ ibi tí aró máa gbà wọlé.

Apá kìíní yára, ó dùn mọ́ mi. Ìyeyè àti àwọ̀ ewé ń lé ara wọn káàkiri. Èkejì ni mo pẹ́ lé lórí jù. Àwọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀, igi ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ìlà tín-ín-rín ń kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ẹ̀kẹta ń jó. Ẹ̀kẹrin ń sáré, mo sì kùn ún láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, mo dúró, mi ò jẹun tó. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan Bàbá á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á bi mí pé, “Ṣé igi náà ń gbà á?” Màá ní, “Ó ń gbà á, Bàbá.” Á rọra padà lọ. Kò wọlé wá wò ó. Ó ní òun fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ta orin náà nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwé wá kó pákó àti Bàbá lọ sí gbọ̀ngàn ní Kodjoviakopé, kí ó lọ dè wọ́n pọ̀. Èmi ní màá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú zémi. Òjò dá mi dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ́nà. Nígbà tí mo fi dé, ó ti parí. Ó dúró ní àárín gbọ̀ngàn, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, ojú rẹ̀ sì ń dán bí mi ò ṣe rí i láti ọdún kan. Ó ní, “Ó dúró gírí. Wá mì í wò.”

Mo wo àwọn pákó náà. Pákó kìíní ló wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún. Èkejì tẹ̀lé e ní òsì, ẹ̀kẹta tẹ̀lé ìyẹn, ìpẹ̀kun òsì pátápátá ni ẹ̀kẹrin wà. Orin mi ti kọ ẹ̀yìn síwájú.

Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé kéú ni bàbá mi ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé, lórí wàláà, láti ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí ilẹ̀kùn ìsọ̀ kan tó kàn ní Lomé tí kì í ṣe láti ọ̀tún ló ti ka apá rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ti bá a gbé àwọn ilẹ̀kùn yẹn rí nígbà tí mo wà ní ọmọdé, tó ń ké pé, “Ìkan, ọ̀tún! Ìkan, ọ̀tún!” Ẹ̀kọ́ Faransé tí mo lọ lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n gbàgbé, tí mo fi rò pé ibi tí ojú tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ojú gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi ìdè irin tó gbẹ́ sí etí pákó kìíní, òsì ló wà. Mo rí i. Mi ò kà á sí.

Olùkọ́ orin wọlé lẹ́yìn mi. Ó wo pákó, ó la ẹnu. “Mais, Madame, ó ti—” Mo di apá rẹ̀ mú, mo sì fún un gan-an. 

Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju àpótí irin iṣẹ́ náà lọ. Bí mo bá sọ ọ́, á tún tì í pa, lọ́tẹ̀ yìí kò sì ní ṣí mọ́. Mo ń wá irọ́ tí màá pa. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá ti sún mọ́ àwòrán. Ó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé ìka lé ìlà aró ní ìpẹ̀kun ọ̀tún. Ó ń tẹ̀lé e bọ̀ wá sí òsì. Nígbà tó dé ibi tí pákó méjì ti pàdé, ìka rẹ̀ bọ́ sórí igi lásán. Aró wà lókè lápá ìhín. Lápá ọ̀hún, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.

“Ìlà yìí já,” ó ní. Ó wo ìsopọ̀ kejì. Ó wo ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Ṣé èmi ni?”

“Rárá,” mo ní. “Èmi ni, Bàbá. Ọwọ́ òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ṣì í.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí irú ẹni tí mo ní mo jẹ́. Mi ò sọ gbólóhùn yẹn fún oníbàárà rí, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí, kí Ọlọ́run dárí jì í níbi tó wà. 

 Bàbá bú mi, ó sì fi gbogbo ara bú mi. “Ọwọ́ òsì? Ìwọ? Ọmọ tó dàgbà lórí ilẹ̀kùn? Ṣé mi ò kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn fún ọ ni? Ojú wo lo fi ń wo nǹkan?” Bí ó ṣe ń bú mi ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà sí i. Mo dorí kodò. Mo fẹ́ fèsì, mo fi eyín di ètè mi mú. Olùkọ́ orin ń wò wá. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó gbọ́ ìyókù.

Nígbà tó bú mi tẹ́rùn, ó kan pákó kìíní lára, ó ní, “Ó dáa. Ọ̀dà tìrẹ ti gbẹ, kò ṣeé yí padà. Igi tèmi ṣì ń gbọ́ràn. Igi ló máa yí.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó tú gbogbo ìdè irin, ó fi èérún tíìkì àti àtè dí àwọn ojú ihò, ó fá a títí tí èmi pàápàá kò fi rí àpá rẹ̀ mọ́, ó sì gbẹ́ tuntun sí etí kejì. Kò wọn nǹkan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń wọ̀n, á gé e. Èmi ń bá a di iná mú, mo sì ń ronú. Mo ti ń pe ohun tí mo sọ fún un ní irọ́. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó béèrè ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀? Ta ló rí ibi tó gbẹ́, tí kò kà á sí? Bí mo ṣe ń wò ó sí i ni irọ́ náà ń kéré sí i, títí mi ò fi mọ èyí tó kù nínú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ta orin náà. Gbọ̀ngàn kún. Bàbá jókòó níwájú pẹ̀lú bùbá funfun, ó ń wo pákó rẹ̀, kò wo àwọn tó ń ta gòjé rárá. Nígbà tí wọ́n dé apá kejì, tí wọ́n dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, mo rí i tí ojú rẹ̀ wá ibi tí mi ò kùn, tó sì dúró síbẹ̀. Ó fi ìgbápá kàn mí. “Igi mi nìyẹn,” ó sọ sí mi létí. Mo mi orí. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, àbúrò mi gbé mọ́tò wá láti Sanguéra, nítorí oṣù méjì ti pé. Ó bá Bàbá níwájú ilé pẹ̀lú pákó tuntun lórí tábìlì iṣẹ́ àti oníbàárà kan tó fẹ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ alápá márùn-ún. Bàbá ní òun kò ráyè rìnrìn àjò kankan. Oníbàárà náà sì wòye ọjọ́ orí rẹ̀, ó rọra béèrè bóyá ojú Bàbá ṣì ríran dé ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Ojú mi?” Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí mi níbi tí mo ti ń po ọ̀dà. “Bi ọmọ mi yìí. Gbogbo iṣẹ́ ńlá kan ló yà sódì láìpẹ́ yìí ní Kodjoviakopé. Èmi ni mo rí i, èmi náà ni mo tún un ṣe kí ojú má baà tì í láwùjọ.”

Àbúrò mi tó mọ̀ mí láti kékeré yíjú sí mi, ó ń retí ìjà. Oníbàárà náà ń wò mí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

“Òótọ́ ni,” mo ní. “Èmi ni mo ṣì í.”